Òkùnkùn Tí A Yìn

Màámi ò fẹ́ kí iná máa jó lásán. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá jáde ní yàrá láìpa gílóòbù, gbogbo àgbàlá ni yóò gbọ́ ohùn wọn: "Ta ló fi iná sílẹ̀? Ṣé bàbá yín ló ni kùráǹ ni?" Kùráǹ ni à ń pe iná mọ̀nàmọ́ná ní Lomé. Bàámi tí wọ́n ń fi bú wa yìí ò ní ju ìsọ̀ aṣọ kan lọ ní ọjà Adawlato. Wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á máa jẹun wọn lọ, ṣùgbọ́n èjìká wọn á máa mì fún ẹ̀rín.

Mo sọ ìyẹn ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ìyá tí a ní. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni bí ohùn yẹn ṣe dákẹ́ lọ́dún kan, tí gbogbo wa ń dúpẹ́ pé ó dákẹ́, tó sì kù díẹ̀ kí Màámi fúnra wọn bá a lọ.

Ilé alágbàálá ni ilé wa ní àdúgbò Nyékonakpoè. Bàbá Bàámi ló kọ́kọ́ gba yàrá síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹrù aṣọ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, a ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìdílé bíi mélòó kan ló yí àgbàlá ká, ṣùgbọ́n mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, ara ògiri onílé ló wà. Onílé wa jẹ́ ìyá àgbà kan, ọmọ Mina. Àwọn ló ń pín owó iná fún wa, wọn kì í sì í pín in bí èèyàn ṣe pọ̀ tó nínú yàrá. Bí gílóòbù ṣe ń tàn tó ni wọ́n fi ń pín in. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Màmá Onílé á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á máa yí àgbàlá po, wọ́n á máa yọjú lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ń kí àwọn èèyàn àwọn ni. Lóòótọ́ wọ́n ń kíni, "Bonsoir, ça va, àwọn ọmọ ńkọ́?" Àmọ́ ojú wọn kì í sí lára ẹni tí wọ́n ń kí, òkè àjà ló máa ń wà.

Bí ṣíṣọ́ iná lò ṣe di ìwà rere láàárín wa nìyẹn. Níbòmíràn, wọ́n á ní ọmọ kan mọ̀wé. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á ní ọmọ náà ń kàwé lójú ọ̀sán.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa nínú yàrá wa ni fírísà Màámi. Omi dídì ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, àti omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń pè ní bisáàpù. Wọ́n ń tà á fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó wà níhà etíkun. Fírísà náà ti darúgbó, ó sì máa ń kùn bí àgbàlagbà tó ń gbàdúrà sínú. Àwa tí a dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́.

Lásìkò ooru ọdún yẹn, iná ń ṣe ségesège. Á lọ láàárọ̀, á dé lọ́sàn-án, kí èèyàn sì tó sọ pé ó dé, ó ti tún lọ. Lọ́jọ́ kan ó dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀jù. Fáànù fẹ́ fò kúrò lókè, gílóòbù funfun báláú, fírísà sì dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe wá, ó ki orí bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó sì ní kò ṣeé tún ṣe mọ́. Màámi pe gbogbo ọmọ àgbàlá, wọ́n pín bisáàpù tó ń yọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ mu ún títí ètè wọn fi pupa. Màámi bá wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bàámi sọ ọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́, obìnrin tó ń ta àbẹ́là lójú ọ̀nà náà sọ ọ́. Inú ń bí mi sí i. Mo ń bi ara mi pé ọjọ́ wo la jọba, ta sì ló fẹ́ bá wa bu ẹwà sí fírísà tó jó. Kò sẹ́ni tó bù ú. Màámi tẹ́ aṣọ lé e lórí, ó di ibi tí à ń kó ẹrù sí.

Ohun tó kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn fírísà ni oorun wọn. Yàrá wa máa ń gbóná bí ìkòkò tí a dé bí fáànù ò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀fọn ò sì jẹ́ kí a ṣí fèrèsé. Gbogbo wa là ń sùn sí i, tí à ń jí sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí àwa bá ti mú oorun díẹ̀, Màámi á ṣì jókòó, wọ́n á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di pé wọn kì í tan gílóòbù mọ́, kódà nígbà tí iná wà.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irun àtọwọ́dá ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ní Zone franche, àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá èbúté. Iná ibẹ̀ kì í kú. Ó mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn ò ní rí òjìji ara rẹ̀ nílẹ̀. Bí mo bá ti ibẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, òkùnkùn yàrá wa á kọ́kọ́ dí mi lójú, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó rí Màámi lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò tanná?"

"Kí ni mo fẹ́ fi iná wò?"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ wẹ̀.

Màmá Onílé ló kọ́kọ́ yìn wọ́n. Wọ́n dé ojú fèrèsé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọn ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, wọ́n sì fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ẹ wo Ànàgó mi! Akpé, Ànàgó, akpé kaka." Akpé ni ọpẹ́ ní èdè Mina, Ànàgó sì ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Wọ́n dúró sáàárín àgbàlá, wọ́n ní kí àwọn obìnrin yòókù wá kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn tó nítìjú tijú. Àwọn tí kò nítìjú lọ tan gílóòbù kejì. Bàámi gbọ́, orí wọn wú. Wọ́n lọ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Adawlato pé ìyàwó àwọn ti wá gbọ́n, pé kì í lo iná, kì í sì í pariwo.

Òótọ́ ni, ariwo ti dákẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó ń lọ sí ilé ìwé gíga nígbà náà, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń bú jù nítorí iná, sọ fún mi pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Ó máa ń fi iná balùwẹ̀ sílẹ̀ láti dán wọn wò. Màámi á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ilé tutù. Tẹ́ ẹ bá bi wá nígbà yẹn bóyá nǹkan ń ṣe Màámi, a ó sọ pé rárá, wọ́n ti dàgbà sí i ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dé ìdí iná èédú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Màámi ló ń kọ́kọ́ dáná lágbàálá wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àdògán wọn á ti pọ́n, àwọn obìnrin á sì máa mú àfọ́kù àwo wá láti wá fọnná. Ẹnikẹ́ni tó bá wá fọnná gbọ́dọ̀ gbọ́ ìwàásù díẹ̀ nípa bí a ṣe ń tọ́jú èédú kó tó rí ẹyin iná gbà. Lórí iná yẹn náà ni wọ́n ti ń gbóná ọbẹ̀. A ò ní fíríìjì, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wa kì í kan. Wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀, wọ́n á gbé e kaná nírọ̀lẹ́, ìgbákọ tó bá ti kan omi ò sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Màámi máa ń fi í yangàn pé ọbẹ̀ àwọn lè rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́ kó sì padà láìkan.

Ní ọjọ́ kan mo ṣí ìkòkò, mo bá ìfófòó lójú ọbẹ̀. Mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ.

"Màámi, ọbẹ̀ ti kan o."

Wọ́n wo inú ìkòkò náà bí ẹni pé ìkòkò aládùúgbò ni. "Ó ti kan," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sí ògiri.

Ẹ̀rù bà mí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ká ní wọ́n ní èmi ni mo fi ìgbákọ tútù kàn án, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Mo sọ fún Bàámi. Bàámi ní òjò ti bẹ̀rẹ̀, pé èédú tutù, ó sì wọ́n, pé Màámi ń ṣọ́ ọ lò ni. Gbogbo nǹkan ni ọ̀rọ̀ yẹn lè dáhùn nínú ilé wa. Àwa náà gbà á, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra oúnjẹ níta: búrẹ́dì láàárọ̀, nírọ̀lẹ́ ìrẹsì àtẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní ayimolou. À ń bu ti Màámi sílẹ̀ fún wọn. Abọ́ á padà ní òfìfo, a ò sì wádìí.

Màmá Onílé tó yìn wọ́n náà ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́.

"Ìyá rẹ ò dáná mọ́."

"Wọ́n ń ṣọ́ èédú lò ni, Màmá."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ní á máa wá fọnná lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Mo bi wọ́n, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan." Wọ́n fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ẹni tí kò dáná, tí kò sì fọnná, kí ló ń jẹ? Wò ó dáadáa, ma fille, ọmọ mi."

Mo lérò pé màá wò ó. Mo lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu géètì Zone franche ò ní wọlé lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo rẹ̀ tú. Màámi ní ara àwọn ò fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwa yòókù lọ. Nígbà tí a dé, òjò ti ṣú, kò sí iná láti àárọ̀, ilẹ̀kùn àti fèrèsé wa wà ní títì. A wọlé, à ń táràrà. Bàámi ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Bí a ṣe dúró báyìí, iná dé. Àwọn ọmọ àgbàlá hó yèè, gílóòbù tí ẹnì kan ti gbàgbé sí títàn sì tàn lé Màámi lórí.

Ó pẹ́ tí a ti rí wọn nínú ìmọ́lẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, nítorí náà mo ṣì lè sọ ohun tí mo rí. Irun wọn ti dì pọ̀. Egungun ọrùn wọn yọ síta. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ni mo rí lọ́rùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, tí mo rò pé wọ́n ń fọ̀ tí wọ́n ń sá. Aṣọ tó bo fírísà sì ti yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo búrẹ́dì tí a ti ń bù fún wọn wà, wọ́n tò ó síbẹ̀, ó ti hu ewú.

Màámi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí mi."

Bàámi na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n sì pa iná. Mi ò rò pé wọ́n ronú sí i. Ọwọ́ tó ti ń pa iná láti ọjọ́ yìí wá ló pa á.

Ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wá nínú òkùnkùn. "Tàn án." Màmá Onílé ni. Wọ́n ti ń yí àgbàlá po nígbà tí iná dé, fún ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ojú wọn máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. "Tan iná yẹn, Papa. Èmi ni mo ní kí o tàn án."

Bàámi tàn án. Màámi sọ nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn pé ó ti rẹ àwọn, pé ó wu àwọn kí àwọn sùn kí àwọn má jí mọ́. Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Bàámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

Àwọn ìyá ìjọ gbọ́, wọ́n wá gbàdúrà, a ṣe àmín. Lọ́jọ́ kejì a mú Màámi lọ sí ọsibítù. Bàámi ń sọ lójú ọ̀nà pé wèrè kọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní wèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀. Dókítà tí a bá jẹ́ obìnrin, kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó ń fi èdè Faransé bi Màámi ní ìbéèrè, Bàámi ló ń dáhùn. Ṣé wọ́n ń jẹun? Ó ń ṣọ́ èédú lò ni. Ṣé wọ́n ń jáde? Kì í náwó lásán. Dókítà bẹ Bàámi pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ẹni tó ń ṣàìsàn.

Màámi sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì túmọ̀ rẹ̀. "Fírísà yẹn máa ń kùn. Bí mo bá jí tí mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé mo ní nǹkan tí mo fẹ́ jí ṣe. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tí mo ń jí fún."

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ fírísà yẹn mọ́, Màámi ń gbọ́ ọ.

Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, pé àìsàn ni bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, pé oògùn wà fún un. Ó ní kí a máa mú wọn wá bá òun sọ̀rọ̀, kí a má fi wọ́n nìkan sílẹ̀ nínú ilé, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n máa jókòó sínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé kí ni wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kì í ṣe mọ́. Àbúrò mi ló dáhùn.

"Wọ́n máa ń pariwo lé wa lórí nítorí iná."

"Ẹ máa retí ariwo yẹn," Dókítà wí. "Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ wá sọ fún mi."

Bí àwa tí wọ́n fi pípa iná tọ́ dàgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná nìyẹn. Bí iná bá wà, gílóòbù wa á máa jó láti ìrọ̀lẹ́ títí a ó fi sùn. Nígbà tí kò bá sí, a ra fìtílà tí oòrùn ń fún lágbára, a ń sá a sórí òrùlé lójoojúmọ́ bí ẹní sá ẹja. Àkókò ìbẹ̀wò Màmá Onílé ò yí padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ojú fèrèsé wa, wọ́n á kọ ojú sí òdìkejì. "Gílóòbù yẹn," wọ́n sọ fún Bàámi, "èmi ò rí i." Aládùúgbò kan fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n ní kó lọ wo gílóòbù tirẹ̀ ná.

Kò yára o. Ẹni tó bá sọ pé àìsàn yìí máa ń yára lọ, irọ́ ló ń pa. Oògùn kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n sùn. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí àbúrò mi di irun wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ, wọ́n ń jẹ ẹja díẹ̀ sí i. Èmi ni mò ń dáná láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń ṣe é bí ẹni tí kò gbẹ̀kọ́: èédú tí ì bá tó ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń jó o tán kó tó dé ìdajì rẹ̀. Màámi á wò mí, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Bàámi máa ń ká aṣọ títà wọn lábẹ́ gílóòbù, wọ́n á dìde, wọ́n á fi iná sílẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbọ́ bóyá. Wọn kì í gbọ́ nǹkan kan. Èmi náà ti fi iná sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi á máa yún mi.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ kan, mo bá Màámi nídìí àdògán. Wọ́n fúnra wọn ló dáná náà, wọ́n gbé ọbẹ̀ kà á. Mo rọra kọjá kí n má bàa dẹ́rù bà wọ́n. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi lórí pèpéle, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bàámi wà nínú balùwẹ̀, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Yàrá wa ṣófo, gílóòbù sì ń jó nínú rẹ̀ bí ó ti ń jó láti oṣù mélòó kan wá.

Màámi yí ọbẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n tún wò ó. Wọ́n fi ìgbákọ lé orí ìdérí ìkòkò.

"Ta ló fi iná sílẹ̀?"

Ọwọ́ àbúrò mi dúró nínú ẹ̀wà. Lẹ́nu ọ̀nà tiwọn, Màmá Onílé yí orí padà.

"Mo ní ta ló fi iná sílẹ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn? Ṣé bàbá yín ló ni kùráǹ ni?"

Omi dákẹ́ nínú balùwẹ̀. Bàámi dáhùn látibẹ̀: "Bàbá wọn kọ́ ló ni ín o! Ṣùgbọ́n òun ló fi sílẹ̀!"

Màámi pòṣé. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì pa gílóòbù náà fúnra wọn. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n dúró nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n ń bú wa: wọ́n bú Bàámi, wọ́n bú àbúrò mi, wọ́n bọ́ sórí mi àti èédú tí mo ti ń fi ṣòfò láti ìgbà tí wọ́n ti ń wò mí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.